Orúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ: Nàìjíríà, Gíríìsì àti ọmọ Adétòkunbọ̀

Ẹ jẹ́ ká gbé gírámà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀ (a ó tún pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má yọ̀ jù), ká sọ̀rọ̀ nípa básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 2012, ní ìlú Caracas ní orílẹ̀-èdè Venezuela, Nàìjíríà na Gíríìsì pẹ̀lú àmì ayò 80 sí 79. Àmì ayò kan péré! Òun ló lé Gíríìsì kúrò lójú ọ̀nà Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní àsìkò yẹn gan-an, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan wà ní Athens, olú-ìlú Gíríìsì, tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Filathlitikos. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ bàbá rẹ̀. Kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún Gíríìsì, nítorí pé Gíríìsì tí wọ́n bí i sí kò tíì gbà pé ọmọ òun ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ìdíje tó jẹ́ ná. Ikọ̀ 12 péré ló máa ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ní Òlíńpíìkì. Àwọn tó bá ta yọ ní agbègbè wọn a ti wọlé tààrà. Àwọn tí ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, àmọ́ tí kò tó o, àwọn ni FIBA, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó básíkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, máa ń kó jọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú Òlíńpíìkì pé kí wọ́n wá fà á láàárín ara wọn. Ní Caracas, ikọ̀ 12 ló ń du àyè mẹ́ta. Nàìjíríà ṣe ipò kẹta ní Áfíríkà ní 2011, lẹ́yìn Tùnísíà àti Àǹgólà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi débẹ̀. Ta ló kà wọ́n sí? Rọ́ṣíà wà níbẹ̀, Lithuania wà níbẹ̀, Gíríìsì wà níbẹ̀. Venezuela tó gbàlejò na Nàìjíríà, àmọ́ Nàìjíríà na Lithuania 86 sí 80. Lẹ́yìn Gíríìsì, Rọ́ṣíà dá wọn dúró pẹ̀lú 85 sí 77. Ó wá ku àyè kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, wọ́n na Dominican Republic 88 sí 73, wọ́n sì gba ìwé Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin Nàìjíríà máa dé Òlíńpíìkì.

Ẹ wá wo orúkọ àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ayọ̀délé Bakare ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Olúmìdé Oyèdèjì, ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí ní Seattle àti Orlando, ni olórí ikọ̀. Adé Dágundúró wà níbẹ̀: ẹ pín orúkọ yẹn sí wẹ́wẹ́, ẹ ó rí "dá", "ogun" àti "dúró". Orúkọ gidi fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá! Aládé Aminu àti àbúrò rẹ̀ Al-Farouq wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan o: Ike Diogu, Ejike Ugboaja, Ekene Ibekwe, Koko Archibong, Derrick Obasohan, gbogbo igun Nàìjíríà ló péjọ. Àmọ́ bí ẹ bá béèrè ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ bọ́ọ̀lù, Amẹ́ríkà ni: California, Texas, Georgia. Ọmọ àwọn tó wá kàwé, tí wọn ò padà sílé mọ́, ni púpọ̀ nínú wọn. Mo mọ̀ pé ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn kan nínú yín.

Báwo ni wọ́n ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà? Òfin ló gbà wọ́n láyè. Abala 25 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti inú ìyá rẹ̀ wá. Amẹ́ríkà náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ òun, ọmọ òun ni. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí ní Georgia ní ilẹ̀kùn méjì, ó sì lè kan èyí tó bá wù ú. FIBA fi nǹkan kan kún un: ẹni tí kò bá gba ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè kan kó tó pé ọmọ ọdún 16, bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di onílé ni wọ́n máa ń kà á sí, ẹyọ kan irú rẹ̀ péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè lò. Ìwé, ìwé, ìwé ṣáá! Ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó, orúkọ nìkan kò tó.

Ilẹ̀kùn a tún máa ṣí síta. Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1993, ó sì bá Amẹ́ríkà gba góòlù Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. FIBA ló yọ̀ǹda fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Athens. Ní 1991, Charles Adétòkunbọ̀, ọmọ Yorùbá, àti ìyàwó rẹ̀ Veronica, ọmọ Ìgbò, kúrò ní Èkó, wọ́n lọ sí Gíríìsì. Wọ́n fi àkọ́bí wọn, Francis, sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n tún bí sí Gíríìsì, ọkùnrin ni gbogbo wọn: Thanasis, Giannis, Kostas àti Alex. Wọ́n bí Giannis ní ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá, 1994. Àdúgbò Sepolia ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì máa ń kiri aago, báàgì àti awò ojú ní ìgboro kí wọ́n lè rí owó oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni òfin Gíríìsì ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ilẹ̀: bí bàbá àti ìyá rẹ kì í bá ṣe ará Gíríìsì, wọn ì báà bí ọ sí ẹnu ọ̀nà ààfin, àjòjì ni ọ́. Lójú òfin Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni Giannis látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Àmọ́ òfin wà nínú ìwé ní Àbújá, ọmọ wà ní Sepolia.

Ní 2010, Gíríìsì ṣe òfin tuntun kan tó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún ọmọ àwọn àjòjì tí wọ́n bí sọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù Kejì 2013, ilé ẹjọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní Council of State ní òfin náà kò bá òfin ìpìlẹ̀ mu. Ẹ tún fi èyí kún un: nínú ìbò oṣù Kẹfà 2012, ẹgbẹ́ Golden Dawn, tó sọ ìkórìíra àjòjì di iṣẹ́ ṣíṣe, gba ìjókòó 18 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbò yẹn ni Nàìjíríà na Gíríìsì ní Caracas.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, 2013, Gíríìsì fún Giannis níwèé. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks mú un ní New York, òun ni ìkẹẹ̀ẹ́dógún nínú àwọn tí wọ́n mú lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó lo ọdún 18 láìníwèé, nígbà tí ìwé sì dé, ọjọ́ 49 péré ló kù kó di agbábọ́ọ̀lù NBA. Èmi ò rò pé ojú àánú ló bà lé e. Ẹsẹ̀ gígùn àti ọwọ́ gígùn ló ra ìwé yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Sepolia tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ní láti dúró de òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2015.

Gírámà tí mo ṣèlérí ti dé o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí léèrè pé, "Ṣà, ta ló ba orúkọ ọkùnrin yìí jẹ́ báyìí?" Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Lédè Gíríìkì òde òní, kò sí lẹ́tà ẹyọ kan fún ìró /d/ tiwa. Lẹ́tà délta wọn, bí ìbẹ̀rẹ̀ "this" ni wọ́n ń pè é. Béta wọn náà, bíi "v" ni. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ /d/, wọ́n á so n àti t pọ̀, ντ. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ /b/, wọ́n á so m àti p pọ̀, μπ. Ìró /u/ náà, lẹ́tà méjì ló ń gbà, ου. Ẹ wá kọ Adétòkunbọ̀ ní ọ̀nà yìí, ẹ ó rí Αντετοκούνμπο. Bí ará Athens bá kà á, ohun tí ẹ ó gbọ́ kò jìnnà rárá sí ohun tí ìyá àgbà ní Èkó máa pè. Ìgbà tí akọ̀wé wá dá a padà sí lẹ́tà ABD fún ìwé ìrìnnà, lẹ́tà kan fún lẹ́tà kan, ni ντ di "nt", tí μπ di "mp", tí gbogbo rẹ̀ sì di Antetokounmpo. Ẹ má dá akọ̀wé lẹ́bi, òfin iṣẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ ọ ti ṣubú sójú ọ̀nà. Giannis tún ń jẹ́ Sina. Yorùbá tó bá rí i á gbọ́ Ṣínà, "ṣí ọ̀nà", àmọ́ Gíríìkì kò ní ìró ṣ.

Ìtumọ̀ orúkọ náà ńkọ́? Adé ti òkun bọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tàbí tí òbí rẹ̀ ti ìrìn àjò òkun dé, là ń sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ti gbọ́ nípa Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, tó jẹ́ adájọ́ àgbà Nàìjíríà láti 1958 sí 1972. (Mọ́tò àlòkù tó ti òkè òkun wá ni wọ́n ń pè ní tòkunbọ̀ ní Èkó, nítorí náà ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń sọ ọ́ láàárín àwọn awakọ̀.) Charles ti ń jẹ́ Adétòkunbọ̀ kó tó fi Èkó sílẹ̀. Orúkọ tó ń sọ nípa bíbọ̀ ló gbé sọdá òkun, ibẹ̀ ló sì fi orúkọ náà fún ọmọ tí wọ́n mọ̀ sí àjòjì. Charles kú ní 2017.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá lórí Nàìjíríà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n na Tùnísíà 60 sí 56, àmọ́ Amẹ́ríkà na wọ́n 156 sí 73, ìyà tí ojú kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, 2021, ní Las Vegas, nínú ìdíje ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, Nàìjíríà na Amẹ́ríkà 90 sí 87. Ẹ ò gbàgbọ́? Ẹ lọ wò ó.

Gíríìsì ní tiwọn ń pààrà ìdíje yìí bí ẹni tó ń lọ sóko. Láti Beijing 2008, wọn ò rí Òlíńpíìkì mọ́. Ní 2016, ní Turin, Giannis wà nínú ikọ̀, Croatia na wọ́n 66 sí 61. Ní 2021, ní Victoria ní Kánádà, Giannis kò sí níbẹ̀, ó wà pẹ̀lú Milwaukee tó gba ife NBA lọ́dún náà, Czech Republic sì na Gíríìsì 97 sí 72. Ní 2024, wọ́n gbé ìdíje náà wá sílé wọn, ní Piraeus, ìlú èbúté tó wà létí òkun. Wọ́n na Slovenia 96 sí 68, wọ́n tún pàdé Croatia ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, wọ́n na wọ́n 80 sí 69. Giannis ju àmì ayò 23. Ọdún 12 àti ọjọ́ kan lẹ́yìn Caracas ni.

Ní ọjọ́ 26 oṣù yẹn, wọ́n ṣí Òlíńpíìkì Párísì nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Seine. Gíríìsì ló máa ń ṣíwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, bí àṣà wọn ti rí. Giannis àti Antigoni Drisbioti ló gbé àsíá wọn, nítorí náà ọmọ Adétòkunbọ̀ ló wà níwájú gbogbo ayé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ikọ̀ ọkùnrin Nàìjíríà kò dé Párísì. Ikọ̀ obìnrin, D'Tigress, dé, àmọ́ nígbà tí wọ́n débi ọkọ̀ Nàìjíríà, àwọn aláṣẹ ní èrò ti pọ̀ jù, wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n padà sí ibùwọ̀ wọn. Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n na Australia 75 sí 62, wọ́n tún na Kánádà 79 sí 70, wọ́n sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní básíkẹ́ẹ̀tì Òlíńpíìkì. Ní ìpele yẹn kan náà ni Jámánì lé Gíríìsì sílé, 76 sí 63.

Àwọn mẹ́ta nínú ikọ̀ obìnrin yẹn ni Tomi Taiwo tó dàgbà ní Indiana, Adebola Adeyeye tó wá láti Kánádà, àti Elizabeth Balogun tó ti Èkó wá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ orúkọ wọn láìfi àmì sí i, bó ṣe wà lẹ́yìn aṣọ wọn. Ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé.