Pípààrọ̀ gíláàsì iwájú Porsche 911 àtijọ́: Ẹ wo irin abẹ́ rọ́bà kí ẹ tó ra gíláàsì

Tí gíláàsì iwájú ọkọ̀ bá sán, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín ni pé, "Èló ni tuntun?" Fún ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù tó ti pẹ́ láyé, ìbéèrè yẹn nìkan kò tó. Gíláàsì ṣeé rà, rọ́bà náà ṣeé rà. Irin ara ọkọ̀ tí gíláàsì jókòó lé ló nira, òun sì ni ìpẹtà máa ń jẹ ní kọ̀rọ̀ lábẹ́ rọ́bà, níbi tí ojú kò tó. Ẹni tó bá pààrọ̀ gíláàsì láì tún irin náà ṣe, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣe yẹn, ẹ̀ẹ̀kejì á sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àlàyé yìí dá lórí Porsche 911 tí wọ́n ṣe láti 1964 títí di 1989. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wúlò fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn tí wọ́n fi rọ́bà de gíláàsì wọn, bíi Datsun 240Z.

Irú ọkọ̀ tó jẹ́

Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe 911. Ferdinand Alexander Porsche ló ya àwòrán rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀, Ferdinand Porsche, ló ṣe Volkswagen tí àwọn èèyàn wa ń pè ní Ìjàpá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Frankfurt lọ́dún 1963, 901 ni wọ́n pè é. Ilé iṣẹ́ Peugeot fárí gá. Wọ́n ní nílẹ̀ Faransé, àwọn làwọn ni orúkọ ọkọ̀ tó bá jẹ́ nọ́ḿbà mẹ́ta tí òdo wà láàrin. Ẹni tó bá rántí 404, 504 àti 505 á mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bó ṣe di 911 nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì 911 wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú, bíi ti Ìjàpá. Bí wọ́n ṣe fi gíláàsì sí àwọn ọkọ̀ méjèèjì náà jọra. Rọ́bà kan yí gíláàsì ká, ètè rọ́bà yẹn sì gbá etí irin ara ọkọ̀ mú. Ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ l'Ékòó ní 1975, nítorí náà àwọn àgbà oníṣẹ́ gíláàsì tó mọ iṣẹ́ rọ́bà àti okùn ṣì wà. Irú wọn ni kí ẹ wá, kì í ṣe ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ ìgbàlódé tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Gíláàsì náà fúnra rẹ̀

Gíláàsì iwájú kì í ṣe ẹyọ kan. Gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàrin wọn. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé kan, Édouard Bénédictus, ló ronú kan irú rẹ̀ lẹ́yìn tí ìgò kan já bọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní 1903. Ìgò náà sán, ṣùgbọ́n kò fọ́n ká, nítorí pé ohun olómi tó ti gbẹ mọ́ ọn nínú di àfọ́kù rẹ̀ mú. Ní 1909, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yàtọ̀. Wọ́n fi iná mú un le ni, tó bá fọ́, á di wóróbo wóróbo. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n tà ní Yúróòpù ní irú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ yìí níwájú. Tí òkúta bá bà á, gbogbo rẹ̀ lè funfun lẹ́ẹ̀kan náà, kí awakọ̀ má rí iwájú mọ́. Ẹni tó bá ṣì ní irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tó bá fọ́ kó tó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ní ike láàrin.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀

Tí òkúta kékeré bá kan ṣá a lójú kan, tí kò sì sí níwájú ojú awakọ̀ gan-an, oníṣẹ́ lè fi oje kan dí i kó má baà ràn. Ṣùgbọ́n tó bá ti sán dé etí, ó ti kọjá àtúnṣe.

Fún àwọn tó ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin àyẹ̀wò MOT ṣe kedere. Ní ibi tó fẹ̀ tó mìlímítà 290 níwájú awakọ̀, tí wáípà ń nù, àbùkù tó bá ju mìlímítà 10 lọ á mú kí ọkọ̀ kùnà. Ní ìyókù ibi tí wáípà ń dé, mìlímítà 40 ni òdiwọ̀n. Ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún tí wọn kò yí padà púpọ̀ lè má lọ fún MOT, ṣùgbọ́n òfin ṣì ní ó gbọ́dọ̀ wà ní ipò tó yẹ kó tó jáde sójú títì. Ní Nàìjíríà, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ka gíláàsì iwájú tó ní àbùkù mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìrìnnà.

Àmì méjì mìíràn wà táwọn èèyàn kì í kà sí. Èkíní ni pé kí etí gíláàsì máa funfun bíi wàrà. Omi ti ń wọ àárín gíláàsì méjèèjì nìyẹn. Èkejì ni kí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú máa tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú gíláàsì lálẹ́. Iyanrìn àti wáípà ti họ ọ́ láti ọdún pípẹ́. Lọ́sàn-án, ẹ lè má rí i rárá.

Ohun tí ẹ ó rà

Ẹ mú nọ́ḿbà ṣaṣí ọkọ̀ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì sọ bóyá olórí líle ni tàbí èyí tí wọ́n ń ṣí orí rẹ̀. Ẹ tún wo gíláàsì ògbólógbòó náà dáadáa. Lára àwọn 911 tó jáde ní ìparí, wáyà ẹ̀ríàlì rédíò wà nínú gíláàsì. Tí ẹ bá ra èyí tí kò ní in, ọkọ̀ á máa lọ, ṣùgbọ́n rédíò á dákẹ́ tàbí kó máa hó ṣáá.

Ní igun gíláàsì tuntun, ẹ wá àmì àṣẹ. Ti Yúróòpù jẹ́ lẹ́tà E àti nọ́ḿbà kan nínú róbótó, pẹ̀lú 43R nítòsí rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ AS1. Gíláàsì tí kò ní àmì kankan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Rọ́bà tuntun pọn dandan. Rọ́bà tó ti lo 30 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti le, ó sì ti sún kì. Kò lè dí omi mọ́, bó tilẹ̀ ń dán lójú. Kí ẹ má sì tìtorí owó díẹ̀ ra rọ́bà tí kò bá igun ọkọ̀ mu, torí pé ní igun náà gan-an ni omi ti máa ń wọlé.

Yíyọ ti àtijọ́

Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ fi téèpù sàmì sí ibi tí wáípà dúró sí kó tó tú u. Kó da aṣọ nípọn bo bọ́nẹ́ẹ̀tì àti dáṣíbọ́ọ̀dù, torí pé dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ àtijọ́ máa ń ya bíi tákàdà. Lẹ́yìn náà, kó fi abẹ gé ètè rọ́bà láti ìta yípo, kó má sì jẹ́ kí abẹ kan ọ̀dà ọkọ̀. Tí rọ́bà bá ti gé tán, ènìyàn méjì á gbé gíláàsì jáde wẹ́rẹ́.

Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ ti gíláàsì láti inú ọkọ̀ ń ṣe é kó lè yá ni. Gíláàsì tó ti sán lè ya ẹsẹ̀, ìgbátí sì lè fi irin etí wọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán tó wà lójú rọ́bà náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù dànù. Alumíníọ́mù ni, ó máa ń tètè ká kò, títọ́ ọ padà kò sì rọrùn.

Irin abẹ́ rọ́bà

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Kí wọ́n ha gbogbo gọ́ọ̀mù àti ìdọ̀tí kúrò, kí wọ́n tan iná sí i. Igun méjèèjì nísàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni omi máa ń dúró sí. Tí ọ̀dà bá wú bíi róró, ẹ jẹ́ kí wọ́n ha á. Ó lè jẹ́ pé ihò ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Tí irin bá ti dípẹtà wọnú, kí pánẹ́ẹ̀lì bítà gé e, kó jo irin tuntun sí i, kí wọ́n kun ún, kó sì gbẹ dáadáa. Fífi pọ́tì dí ihò kì í ṣe àtúnṣe. Omi tó bá gba ibẹ̀ wọlé á lọ dúró lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Ara irin 911 ló gbé gbogbo ọkọ̀ ró, kò sí ṣaṣí ọ̀tọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹrà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gíláàsì.

Fífi tuntun sí

Wọ́n á kọ́kọ́ wọ rọ́bà sí gíláàsì lára lórí tábìlì, wọ́n á sì fi irin tó ń dán sí i níbẹ̀. Tí ẹ bá gbé gíláàsì sọ́kọ̀ kí ẹ tó rántí irin yìí, ìjà lẹ dá sílẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ki okùn ọ̀rá kan sínú ihò tóóró tó yí rọ́bà ká, orí okùn méjèèjì á sì kọjá ara wọn láàrin nísàlẹ̀. Wọ́n á fi omi ọṣẹ pa á.

Ẹnì kan á wà níta, ẹnì kejì á jókòó sínú. Ẹni ìta á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíláàsì, ẹni inú á máa fa okùn díẹ̀díẹ̀. Bí okùn ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ètè rọ́bà á máa gun orí etí irin. Ibi tí okùn bá dé ni kí ẹni ìta máa tẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìkúùkù gbá a. Kí oníṣẹ́ má sì lo gọ́ọ̀mù tó ń rùn bíi fínígà, torí pé ásíìdì tó ń jáde lára rẹ̀ ń mú irin pẹtà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi omi wẹ́ẹ́rẹ́ wọ́n ọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ibi tí ìwé bá ti tutù lẹ ó ti mọ ibi tó ń jò.

Tó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́

911 tó tẹ̀lé èyí, tí wọ́n ń pè ní 964, jáde ní 1989, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ gíláàsì tirẹ̀. Mazda MX-5 tó jáde lọ́dún yẹn kan náà rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ̀mí èèyàn sì wà nínú rẹ̀. Gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ wà lára ohun tó ń mú orí ọkọ̀ dúró tó bá dojú dé, airbag ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ sì sábà máa ń fẹ̀yìn ti gíláàsì nígbà tó bá wú jáde. Tí gọ́ọ̀mù kò bá tíì gbẹ, gíláàsì lè fò jáde.

Ẹ ka ara páálí gọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì dúró pé wákàtí tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí ẹ tó wa ọkọ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú irú gọ́ọ̀mù yìí le, nítorí náà ó máa ń pẹ́ sí i nígbà ọyẹ́. Kí ẹ má pa ilẹ̀kùn dé gbàgà lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan kalẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè jáde.

Owó àti ìbéèrè

Ìṣúra ọkọ̀ ti ẹnì kẹta kì í san owó gíláàsì tiyín. Ti gbogbo-gbòò lè san án, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ rí i bóyá gíláàsì ọkọ̀ àtijọ́ wà níbẹ̀. Kí ọkọ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ bi oníṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé rọ́bà tuntun wà nínú owó tó pè? Ta ni yóò tún irin ṣe tí ìpẹtà bá yọjú? Ṣé ẹ lè wá wo irin náà fúnra yín kó tó fi gíláàsì bò ó? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè kẹta pẹ̀lú "kò sí wàhálà, ẹ máa bọ̀," òun ni kí ẹ gbé ọkọ̀ fún.