Túyò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí: ìtàn agolo agbọ́ìlì, àti èyí tó yẹ mọ́tò onítọ́bò

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn la ó fi sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jẹun lórí ẹ́ńjìnnì: ẹni tó ń wa takisí láti Kétu lọ sí Kútọnu, ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó àgbàdo, ẹni tó ní gáréèjì lẹ́bàá títì. Ẹ ó ti rí agolo kékeré kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì onítọ́bò, tí wọ́n ń pè ní catch can. Agolo agbọ́ìlì ni àwa ń pè é. Àwọn kan ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Àwọn kan búra pé bí kò bá sí i, ẹ́ńjìnnì á kú. Àwa kò gbà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹni tó bá mọ ibi tí túyò inú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá ni yóò mọ èyí tó yẹ kó rà.

Nínú ẹ́ńjìnnì gbogbo, gáàsì tó ń jó lórí pístọ́nù kì í dúró síbẹ̀ tán. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní segment, bọ́ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà. Níbẹ̀ ló ti ń gbé ọ́ìlì wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ bí ìrì. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò ti síìlì yọ, ọ́ìlì á sì máa kán sílẹ̀. Dandan ni kí ẹ́ńjìnnì mí. Ibo ni kí èémí náà gbà?

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò kò dààmú ara wọn. Wọ́n so túyò irin kan kọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀. Bí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lẹ́nu túyò á fa gáàsì náà jáde. Bí mọ́tò bá dúró, kò sí ohun tó ń fà á mọ́. Ọ́ìlì tó ń kán láti ẹnu túyò yẹn ló ya ìlà dúdú sí àárín títì láyé ìgbà náà.

Ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Èéfín kan ń bo ìlú náà, ó ń ta àwọn ènìyàn lójú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Arie Haagen-Smit, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà ní Caltech, fi hàn pé oòrùn ló ń se èéfín mọ́tò àti ti ilé iṣẹ́ epo di májèlé yẹn. Nígbà tí wọ́n wo mọ́tò dáadáa, wọ́n rí i pé kì í ṣe sàlẹ́ńsà nìkan ló jẹ̀bi. Túyò abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà ń tú epo tí kò jóná sí afẹ́fẹ́. Ní 1961, ìpínlẹ̀ Kalifóníà pàṣẹ pé kí wọ́n dí i, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní 1963. Láti ìgbà náà, túyò kò dojú kọ ilẹ̀ mọ́. Wọ́n yí i padà sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kí gáàsì náà lè padà lọ jó. Fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Àsìkò kan náà ni tọ́bò wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Tọ́bò ti dàgbà ju bí a ti rò lọ: ọmọ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1905. Agbára èéfín tó ń jáde ló fi ń yí abẹ̀bẹ̀ tó ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ọdún 1962 ni General Motors tó fi tọ́bò sínú ọkọ̀ tí ará ìlú lè rà, Oldsmobile Jetfire àti Corvair Monza Spyder. Lẹ́yìn náà ni Saab 99 Turbo dé ní 1978, Mercedes 300 SD onídísù ní ọdún yẹn kan náà, Peugeot 604 onídísù sì tẹ̀ lé e ní 1979.

Ibi tí ìjàngbọ̀n wà nìyí. Nínú ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróò tí kò ní tọ́bò, ọ̀nà afẹ́fẹ́ máa ń fà bí ẹni ń fi ìfun ìbẹ́pẹ mu omi, òun ló sì ń fa gáàsì náà gba inú PCV. Bí tọ́bò bá ti ń kì í, ọ̀nà kan náà kò fà mọ́. Ó ń tì. PCV gbọ́dọ̀ pa dé, kí tọ́bò má baà fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ́ìlì. Gáàsì wá ń gba túyò kejì lọ sí ẹnu tọ́bò. Ọ́ìlì wẹ́wẹ́ á bá a lọ, á lẹ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀, á jọ sínú intercooler.

Ta ló wá mú agolo wá? Àwọn asáré ìje ni. Ọ́ìlì tó bá dà sí títì ìje lè pa ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òfin FIA sọ pé mọ́tò tí túyò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agolo lítà 2 bí ẹ́ńjìnnì kò bá ju 2000 cc lọ, lítà 3 bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, kí ojú sì lè rí inú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: títì ni agolo yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ìdí tí àwa kì í fi í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi agolo tí ẹnu rẹ̀ ṣí sí mọ́tò èrò nìyẹn. Ó dá wa padà sí túyò abẹ́ mọ́tò: gáàsì á máa wọ inú ọkọ̀, àwọn èrò, tí ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn, á sì máa fà á símú láti Pọbẹ̀ dé Àjàṣẹ́.

Ohun tó gbé agolo wọ mọ́tò ojoojúmọ́ dé lẹ́yìn náà. Ní 1996, Mitsubishi gbé Galant jáde tó ń tú epo tààrà sí ibi tí iná ti ń jó. Epo kò fọ ẹ̀yìn fáàfù mọ́ bíi tàtijọ́, ọ́ìlì tó bá dé ibẹ̀ á jóná mọ́ ọn di èédú. Toyota fúnra rẹ̀ dá ìfọ́nká epo ti àtijọ́ padà mọ́ tuntun lórí àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní 2005. Ti onídísù yàtọ̀: EGR ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, èédú rẹ̀ sì ń po mọ́ ọ́ìlì bí ọ̀dà.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnnì yín. Bí epo bá ń wọlé lẹ́yìn fáàfù, tí ẹ́ńjìnnì sì le, owó agolo náà sàn kí ẹ fi ra ọ́ìlì dáadáa. Bí ó bá jẹ́ dísù tàbí èyí tó ń tú epo tààrà, ẹ wá agolo tó dé pa, tó ń gba gáàsì wọlé tó sì ń dá a padà. Ti bẹntiróò onítọ́bò gbọ́dọ̀ bójú tó túyò méjèèjì, pẹ̀lú fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá so ẹyọ kan, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ ṣí ideri rẹ̀ lọ́jà kí ẹ wo inú. Ọ̀pọ̀ tó dán jù ló jẹ́ kòròfo, tí ọ́ìlì kàn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tí a hun bí kànrìnkàn ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí ọ́ìlì lè lẹ̀ mọ́ ọn kó sì kán sílẹ̀. Ihò túyò kò gbọ́dọ̀ kéré ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ẹ má sì fi túyò omi ṣe é, ọ́ìlì á jẹ ẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí tọ́bò, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ.

Agolo kò wo ríìngì tó ti jẹ sàn. Bí ó bá ń kún ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, gáréèjì ni kí ẹ lọ. Ti dísù tilẹ̀ léwu jù: bí ọ́ìlì tó jọ bá wọ ẹ́ńjìnnì lọ́pọ̀, yóò máa fi í sáré fúnra rẹ̀, kíì á sì lè pa á.

Ní àsìkò òjò àti òwúrọ̀ ọyẹ́, ẹ lè bá ohun funfun bí wàrà nínú agolo. Omi inú gáàsì ló tutù tó sì pò mọ́ ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì orí ìwọ̀n bá mọ́, tí omi rẹdietọ̀ kò sì dín, ẹ dà á nù sínú kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì àlòkù, kí ẹ dé e padà.