Ìwé Tó Sọnù: Bí Àlùfáà Samuel Johnson Ṣe Ṣe Ìwádìí

Nígbà tí The History of the Yorubas jáde ní 1921, ó ti pé ogún ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ ti sùn nínú Olúwa. Àlùfáà Samuel Johnson, olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ní 1899 ó fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, ibẹ̀ ló sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901.

Ohun tó kù nílé ni àwọn àkọsílẹ̀ tó ń ṣe bó ti ń wádìí, àti àwọn ìwé tó kọ́kọ́ fọwọ́ kọ. Inú wọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún ìwé náà kọ. Ní January 1916 ó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún méjì kọjá kí ìwé náà tó dé. Dókítà kú ní 1920, kò fojú rí i ní títẹ̀.

Àwa tí à ń yẹ ìwé ìparí ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò kì í lè ka ìtàn yìí láì rántí àwọn tó ń wá sọ fún wa pé fóònù bàjẹ́, iṣẹ́ ti bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn orísun ọ̀rọ̀ ló jẹ wá lógún jù. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀, Johnson dárúkọ àwọn tó bi léèrè: àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, àti Josiah Oni, oníṣòwò kan tí púpọ̀ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbà ogun ṣojú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó jíṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì. Irú ọ̀nà tí Lúùkù tọ̀ náà nìyí (Lúùkù 1:1–4). Àlébù kan wà ṣá: nínú ìwé gan-an, kì í sábà sọ ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀. A ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ, a sì ti kà á nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, pé “Johnson sọ pé Mẹ́kà ni Yorùbá ti wá.” Johnson kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní orí kìíní, ó ròyìn ìtàn Lámúrúdu àti Odùduwà bí àwọn arọ́kin ṣe ń sọ ọ́, lẹ́yìn náà ló jà á níyàn. Lójú tirẹ̀, àwọn baba ńlá wa kì í ṣe Lárúbáwá. Apá òkè Íjíbítì tàbí Nubia ló rò pé wọ́n ti wá, ó tilẹ̀ rò pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jẹ́ Kristẹni rí. Àwọn onítàn òde òní kò gba ìyẹn náà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lo ibẹ̀ yóò kọ ọ́ pé àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ló sọ ti Mẹ́kà, pé Johnson ló ròyìn rẹ̀ tó sì takò ó, pé Obadiah ló tún un kọ, yóò sì fi ojú ewé rẹ̀ sí i.