Ìtàn Wáyà inú Ọkọ̀ MGB àti Ọ̀nà Tí Wọ́n Ń Gbà Wá Àléébù Rẹ̀

Nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníjókòó méjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún eré sísá, MGB wà lára àwọn tí ó fi hàn kedere jù bí ètò iná ọkọ̀ ṣe yí padà láàárín ọdún 1962, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ìlú Abingdon, àti ọdún 1980, tí wọ́n ṣíwọ́ lẹ́yìn tí iye rẹ̀ ti lé ní 500,000. Iléeṣẹ́ Lucas ti ìlú Birmingham, tí ó ti ń ta àtùpà kẹ̀kẹ́ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó pèsè ọ̀pọ̀ nǹkan iná inú rẹ̀, òun náà sì ni àwọn awakọ̀ máa ń di ẹ̀bi rù nígbàkigbà tí iná bá kú, bẹ́ẹ̀ oríkèé wáyà àti ibi tí wáyà ti kan irin ni àléébù ọkọ̀ tó ti gbó ti sábà ń wá.

Irin ara ọkọ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì, ọ̀nà ìpadà yìí ni wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Nínú MGB àkọ́kọ́, bátìrì méjì oní-fóòtì 6 ni wọ́n so pọ̀ sẹ́yìn ìjókòó kí ó lè di 12, orí pọ́sítíìfù ni wọ́n sì so mọ́ irin. Nígbà tí Mk II, ẹ̀dà MGB kejì, jáde ní ìparí ọdún 1967, nẹ́gẹ́tíìfù ni wọ́n so mọ́ irin, wọ́n sì fi ọ́tánétọ̀ rọ́pò dáínámò, ẹ̀rọ àtijọ́ tí ń fún bátìrì ní iná. Inú ọ́tánétọ̀ ni dáódù wà, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tí kì í jẹ́ kí iná gba ju apá kan lọ, bí ẹnikẹ́ni bá sì so bátìrì sódì, kíá ni yóò jó. Ìdí nìyí tí ríwáyà tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, tí yóò sì tún fi ojú ara rẹ̀ wo orí bátìrì, nítorí pé ọ̀pọ̀ MGB àtijọ́ ni àwọn tó ni wọ́n ti yí sí nẹ́gẹ́tíìfù.

Àwọ̀ wáyà ni ó ń tọ́ onítọ̀hún sọ́nà lẹ́yìn èyí. Wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ń gbé iná láti bátìrì láìgba inú fíúsì, funfun ń ti ojú kọ́kọ́rọ́ wá, àwọ̀ ewé ni ti ohun tí funfun fún ní iná lẹ́yìn fíúsì, dúdú sì ń lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Bí tiráfíkétọ̀, wáípà, iná bíréèkì àti géèjì epo bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sídìí láti tú wọn níkọ̀ọ̀kan, nítorí pé wáyà àwọ̀ ewé kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Gílóòbù kékeré tí wọ́n so wáyà méjì mọ́ tó fún àyẹ̀wò: ẹsẹ̀ kan yóò kan irin ọkọ̀, èkejì yóò kan ẹ̀gbẹ́ fíúsì méjèèjì ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Bí ó bá tàn ní ẹ̀gbẹ́ kan tí kò tàn ní èkejì, tí fíúsì kò sì jó, ìpẹtà ti mú irin tó di fíúsì náà mú, kí wọ́n ha á mọ́ ló kù.

Ohun tó burú jù nínú ìtàn ọkọ̀ wọ̀nyí ni àtúnṣe àwọn tó fi wáyà aláwọ̀káwọ̀ dí àlàfo, nítorí pé ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn wọn kò ní mọ ibi tí iná ti ń bọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan ní Britain ṣì ń ṣe ìdìpọ̀ wáyà tuntun fún MGB pẹ̀lú àwọ̀ ti Lucas gan-an, èyí tí wọ́n lè fi rọ́pò gbogbo wáyà tó ti bàjẹ́.