Ẹgbẹ́ Lọ, Olólùfẹ́ Kò Lọ

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun Nàìjíríà pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Òǹdó àti Ògùn. Láti ọjọ́ náà ni Ìlaròó, Ayétòrò àti gbogbo ilẹ̀ Yewa, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Ẹ̀gbádò nígbà náà, ti bọ́ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn tí Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ògùn palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n forí lé Abẹ́òkúta. Àmọ́ ohun kan wà tí kò ṣeé dì sínú ẹrù, èyí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars. Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí, Ìbàdàn náà ni ó sì kù sí.

Kí ọdún 1976 yìí kan náà tó parí ni Shooting Stars fẹ̀yìn Tonnerre ti Yaoundé, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, balẹ̀, tí wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Àwọn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà kankan. Ta wá ni kó yọ̀? Lórí ìwé, ìpínlẹ̀ mìíràn ni ife náà wọ̀. Ṣùgbọ́n Mudashiru Lawal tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Wásìnmí ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tuntun yìí kan náà. Ẹni tó ti ń tẹ́tí sí rédíò nítorí ẹgbẹ́ yìí kí wọ́n tó pín ìpínlẹ̀, kò lè tìtorí ìkéde ìjọba pa rédíò rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lè gbà fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè kó lọ sí ìlú mìíràn. Ó lè túká. Ààlà sì lè gba àárín òun àti àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó wà. Ìtàn bọ́ọ̀lù lágbègbè yìí ti rí méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó sì fi kọ́ni: ẹni tó ni ẹgbẹ́ lórí ìwé lè mú ẹgbẹ́ lọ, kò lè mú ìfẹ́ àwọn ènìyàn lọ, nítorí pé òun kọ́ ló ni ín.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ààlà ṣàjèjì sí ará Yewa. Ní ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n ṣe àdéhùn, wọ́n fa ìlà kọjá láàrin ilẹ̀ tí wọn kò bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìlà náà gbé ìlú Kétu sọ́wọ́ Faransé, nínú ilẹ̀ tó di orílẹ̀-èdè Bìnì lónìí, ó sì fi Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ìlú àwọn ọmọ Kétu sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ọmọ Kétu tó wà ní Ìmẹ̀kọ kò tìtorí pé ààfin Aláké­tu bọ́ sí ẹ̀yìn ọdẹ aṣọ́bodè kó sọ pé òun kì í ṣe ọmọ Kétu mọ́. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé ìlà lórí ilẹ̀ kì í ṣe ìlà lórí ọkàn, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àgbàlagbà kan ní Ayétòrò bá ṣì ń pe ẹgbẹ́ Ìbàdàn ní "ẹgbẹ́ wa".

Ọ̀nà kejì, ìyẹn ìtúká, ni ó dun àwọn ará Ògùn jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, olówó ńlá ọmọ Abẹ́òkúta nì, Moshood Káṣìmawò Abíọ́lá, dá ẹgbẹ́ Abiola Babes sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1984, ẹgbẹ́ náà ti dé ìpele àṣekágbá ìdíje Challenge Cup. Leventis United ti Ìbàdàn, tí òun náà jẹ́ ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, ló borí wọn. Ní ọdún 1985, Abiola Babes gba ife náà. Ní ọdún 1986, Leventis tún dá wọn dúró. Ní ọdún 1987, wọ́n fi pẹnáritì borí Ranchers Bees ti Kàdúná, wọ́n sì gba ife lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún mẹ́rin, àṣekágbá mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá ti ní ohun tí yóò máa fi yangàn láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́ tó sì wọkọ̀ láti Ìlaròó gba Pápálántò lọ sí Abẹ́òkúta lọ wòran kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ni òun.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ dópin. Abiola Babes túká lẹ́yìn ife kejì. Nígbà tí ìdíje Áfíríkà ti ọdún 1988 bẹ̀rẹ̀, Ranchers Bees tí wọ́n ti borí ni ó ṣojú Nàìjíríà, àwọn náà sì dé àṣekágbá kí Bizerte ti orílẹ̀-èdè Tùnísíà tó gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Leventis United pẹ̀lú, tó gba líìgì Nàìjíríà ní ọdún 1986, ti túká ní àkókò kan náà. Ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń fa ife mọ́ ara wọn lọ́wọ́ wábi gbà. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù: olówó ló dá wọn sílẹ̀, ìgbà tí olówó sì ká owó rẹ̀ kò, kò sí ẹni tí ó lè bi í léèrè.

Àmọ́ bí ẹgbẹ́ bá kú, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún un kì í bá a kú. Rashidi Yekini wọ aṣọ Abiola Babes láti 1984 títí di 1987, kó tó kọjá sí Africa Sports ní Abidjan, kó sì ti ibẹ̀ gba Pọtogí lọ. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ọdún 1994, òun ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife àgbáyé, nígbà tí wọ́n na Bulgaria ní ìlú Dallas. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló yọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Abẹ́òkúta ní ìdí kan lé e láti yọ̀. Ní ọdún 2005, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, Yekini padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú Gateway, ẹgbẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn. Kì í ṣe Abiola Babes, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè yára bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí a kò rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni kí ènìyàn máa fẹ́ràn ẹgbẹ́ tí kò sí mọ́. Kí wọ́n wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń sanwó wọlé wo Arsenal àti Chelsea ní Ìlaròó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọn kò fojú rí rí, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní dé, ni wọ́n ń torí rẹ̀ bá ara wọn jà. Ẹni tó ń rántí ẹgbẹ́ tó fi ojú ara rẹ̀ rí kò jẹ̀bi jù wọ́n lọ.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù gan-an ni àpẹẹrẹ ọ̀nà tó kù ti wá. Wimbledon gba ife FA ní ọdún 1988, wọ́n borí Liverpool. Ní ọdún 2002, wọ́n fún àwọn onílé ẹgbẹ́ náà láyè láti kó o lọ sí Milton Keynes. Àwọn olólùfẹ́ kò tẹ̀lé e. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, AFC Wimbledon, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n padà sínú líìgì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2011, wọ́n sì padà sí Plough Lane, àdúgbò wọn àtijọ́, ní ọdún 2020. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹgbẹ́ tó kó lọ gbà ní ìkẹyìn láti dá ẹ̀tọ́ orí àwọn ife àtijọ́ padà sí àdúgbò tí wọ́n ti gbà wọ́n. Ìtàn padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín.

Ohun tí àwọn ará Wimbledon ní tí àwọn ti Abẹ́òkúta kò ní ni pé àwọn fúnra wọn ló ni ẹgbẹ́ tuntun wọn. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, orúkọ Abíọ́lá wà lára pápá ìṣeré Abẹ́òkúta, ó sì wà lára pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Abuja láti ọdún 2019. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ni orúkọ Abiola Babes ń gbé, ẹnu kì í sì í ṣe àpótí tó ń pa nǹkan mọ́ títí láé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná nìkan. Ní ọdún 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì Nàìjíríà, ohun tí Abiola Babes kò ṣe rí. Aládàáni ló dá òun náà sílẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni ó ṣe. Ìsinsìnyí tí ayọ̀ ṣì wà nílẹ̀ ló yẹ kí àwọn olólùfẹ́ wá ọ̀nà tí wọn yóò fi ní ìpín nínú ẹgbẹ́, kí orúkọ, àwọ̀ àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ ìlú, yálà olówó wà tàbí kò sí. Àwọn tó wòran ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1987 kò rí ẹni kì wọ́n nílọ̀. Àwọn tó ń wòran ní Ìkẹ́nnẹ́ lónìí kò lè sọ pé wọn kò gbọ́.