Ta Ló Kọ DOS? Ìtàn Microsoft Nínú Ìwé Àdéhùn

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa pé báwo ni Bill Gates ṣe là, mẹ́sàn-án nínú wọn á ní ó kọ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, gbogbo ayé sì rà á. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. DOS, ètò tó sọ Microsoft di ńlá, kì í ṣe Gates ló kọ ọ́. Rírà ni wọ́n rà á. Ìwé àdéhùn ni wọ́n fi là, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn yìí fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kọ áàpù àti wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún oníbàárà láti orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí oníbàárà bá sanwó tán, ta ló ni iṣẹ́ náà?

Seattle ni Gates àti Paul Allen ti jọ lọ sí iléèwé Lakeside, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kìíní ọdún 1975, ìwé ìròyìn Popular Electronics gbé àwòrán Altair 8800 síwájú, kọ̀ǹpútà kékeré tí iléeṣẹ́ MITS ń ṣe ní Albuquerque, New Mexico. Àwọn méjèèjì kàn sí MITS pé àwọn ní èdè BASIC tó lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Irọ́ ni, wọn ò tíì kọ ìlà kan! Ìgbà tí MITS fi ìfẹ́ hàn ni wọ́n tó jókòó ti iṣẹ́. Wọn ò ní Altair lọ́wọ́, nítorí náà kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yunifásítì Harvard ni wọ́n lò, tí wọ́n mú kó máa ṣe bí ẹni pé òun ni 8080 ti Intel, ọpọlọ Altair. Allen ló gbé e lọ fún MITS. Inú bàálù ló ti rántí pé kò sí ètò kékeré tí yóò gbé BASIC wọnú ẹ̀rọ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n dá Microsoft sílẹ̀.

Àdéhùn tí wọ́n bá MITS ṣe kò dára fún wọn. MITS nìkan ló ní àṣẹ láti ta BASIC ti 8080 náà fún àwọn mìíràn, fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Nígbà tí iléeṣẹ́ Pertec ra MITS ní 1977, wọ́n gbà pé BASIC ti di tiwọn, wọn ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i rà. Owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lápò Microsoft kí onílàjà tó dá wọn láre. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

(Ṣáájú wàhálà Pertec yìí ni Gates kọ lẹ́tà ìta gbangba ní 1976 sí àwọn tó ń ṣe àdàkọ BASIC láìsanwó, pé olè ni wọ́n ń jà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra síídì Windows lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà mọ̀ pé lẹ́tà náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn.)

Ní 1980, IBM fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè gbé sórí tábìlì, wọ́n sì ń wá ètò tí yóò darí rẹ̀. Wọ́n lọ bá iléeṣẹ́ Gary Kildall, ẹni tó kọ CP/M tí gbogbo ènìyàn ń lò nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ nípa ohun tó fà á. IBM padà sọ́dọ̀ Microsoft, Microsoft sì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n Altair náà ni!

Seattle níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ kékeré kan wà, Seattle Computer Products. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀, Tim Paterson, ti fi oṣù díẹ̀ kọ ètò kan tó pè ní QDOS, orúkọ tó túmọ̀ sí pé kíákíá ni òun kọ ọ́, láìṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Microsoft kọ́kọ́ san dọ́là 25,000 láti lò ó, wọn ò sì sọ fún wọn pé IBM ni oníbàárà náà. Ní oṣù keje 1981, wọ́n fi dọ́là 50,000 kún un, wọ́n sì rà á pátápátá. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni kọ̀ǹpútà IBM jáde.

Nínú àdéhùn Microsoft pẹ̀lú IBM, IBM lè lo DOS, ṣùgbọ́n Microsoft lómìnira láti tà á fún ẹlòmíràn. Lójú IBM, inú irin ni owó wà. Kò pẹ́ tí Compaq àti àwọn mìíràn fi ń ṣe kọ̀ǹpútà tó jọ ti IBM, gbogbo wọn ló sì nílò DOS. Ẹni yòówù tó bá borí nínú títa irin, Microsoft ń gba tiẹ̀.

Ìyókù, ẹ ti mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Windows àkọ́kọ́ jáde ní 1985, ṣùgbọ́n Windows 3.0 ti 1990 ni aráyé fẹ́ràn, Windows 95 sì gbóná ju ìyẹn lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1998 pé wọ́n ń fi agbára Windows pa ọjà àwọn ẹlòmíràn. Adájọ́ ní kí wọ́n pín iléeṣẹ́ náà sí méjì ní 2000, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì wọ́gi lé e ní 2001. Fóònù ni wọn ò rí mú: owó Nokia tí wọ́n rà ní 2014 fẹ́rẹ̀ẹ́ wọgbó pátápátá. Láti ìgbà tí Satya Nadella ti di ọ̀gá lọ́dún yẹn, Azure ló wá ń mú owó wọlé, wọ́n sì ra GitHub, tí púpọ̀ nínú wa ń kó kóòdù wa sí, ní 2018, ní dọ́là bílíọ̀nù 7.5.

Seattle Computer Products ńkọ́? Paterson fi wọ́n sílẹ̀ ní 1981, ó lọ ń ṣiṣẹ́ fún Microsoft. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ta DOS, wọ́n ti fi gbólóhùn kan sínú ìwé: àwọn lè máa tà á pẹ̀lú ẹ̀rọ tiwọn láìsan kọ́bọ̀ fún Microsoft. Nígbà tí ọjà wọn dẹnu kọlẹ̀, ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà gbìyànjú láti ta ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn. Microsoft ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Ní 1986, ọdún kan náà tí Microsoft kọ́kọ́ ta ṣíà rẹ̀ fún aráàlú ní dọ́là 21, wọ́n san dọ́là 925,000 fún iléeṣẹ́ kékeré náà kí wọ́n lè gba gbólóhùn yẹn padà.