Òkè Ìdànrè: Àwọn Ibi tí Ó Yẹ kí Ẹ Rí ní Ìlú Àtijọ́ Àárín Àpáta

Òkè Ìdànrè wà ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Àwọn àpáta ńláńlá ni ó yí àfonífojì kan ká, inú àfonífojì yìí ni ìlú àtijọ́ wà kí àwọn ará Ìdànrè tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní 1923. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé.

Àwọn òbí ní Festac Town níbí máa ń bi mí pé níbo ni àwọn lè mú ọmọ lọ kí ó fojú rí ohun ìṣẹ̀ṣe. Àjọ̀dún àṣà ọdún 1977 ni wọ́n kọ́ àdúgbò wa yìí fún, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Close kan níbí lè dàgbà láì mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Ìdànrè ni mo máa ń dárúkọ fún wọn.

Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ẹ ó gùn. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí àpáta tó gbóná, kí ẹ sì gbé omi dání. Nígbà tí olúwo mi kọ́kọ́ mú mi lọ, mo sáré ṣíwájú rẹ̀; òun ló kọ́kọ́ dé òkè.

Lókè, ẹ ó rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, àti àwọn ibojì. Ojúbọ náà wà níbẹ̀. Ẹ má wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ, ẹ má sì fọwọ́ kan ohun tí ẹ bá bá nílẹ̀. Kì í ṣe ohun ìṣeré tí ẹnìkan gbàgbé. Omi Àpáàrá náà wà lára ohun tí àwọn àlejò máa ń béèrè. Bí ẹ bá lọ ní oṣù Karùn-ún, ẹ lè bá ọdún Orósùn pàdé.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ ni ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn, àti kékeré àti ńlá, ni ó máa ń bá a mu, àfi ti àjẹ́. Ìtàn dídùn ni, kò sì sí ohun tó burú nínú kí a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kékeré kan kò jókòó dáadáa sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wo ọmọ náà bákan. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sọ fún un pé bàtà ni ọmọ náà wọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, kí ó tún gbìyànjú lẹ́yìn tó bá bọ́ ọ. Ó bọ́ ọ, ẹsẹ̀ náà wọlé. Bí kò bá tilẹ̀ wọlé, èmi tí mo ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò mọ ibi kankan nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi tí a ti ń fi ihò ara àpáta dá ọmọ lẹ́bi. Ẹ sọ ìtàn náà fún ọmọ yín kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ìtàn ni.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ rọra: eékún ló máa ń ro ènìyàn jù. Ọ̀pá ni èmi máa ń gbé dání báyìí.